Dúró Ládípọ̀ àti Ẹgbẹ́ Eré Rẹ̀: Òun Ló Dá Wọn Sílẹ̀, Àwọn Ló Gbé E Ró

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́jáde, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín, bí ẹ bá ti gba ìwé ìròyìn yìí, ojú ìwé tí àwòrán wa wà lẹ kọ́kọ́ ń ṣí. Kò burú. Ẹ wo ojú ara yín tán, kí ẹ wo ẹni tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sọ́dọ̀ mi níhìn-ín. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ó ti kú láti ọdún 1978, kí púpọ̀ nínú wa tó dáyé, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnì kan wà nínú wa tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Dúró Ládípọ̀ ni.

Ṣé ẹ rántí alẹ́ eré ọdún tí a fẹ́ jáde? Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ eré ilé-ìwé wa ṣe díẹ̀ nínú Ọba Kò So. Èmi ni wọ́n fún ní ipò Tìmì. Kì í ṣe pé mo mọ eré ṣe o. Wọ́n ní ọmọ Ẹdẹ ni ìyá mi, Ara tí a sì wà yìí, ìtòsí Ẹdẹ náà ni, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ Tìmì á wà lára mi. Àṣé ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. Bí mo ti bọ́ síwájú èrò báyìí, gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ bí ẹyẹ. Ibi tí Gbọ̀nkáà ti máa pe ọfọ̀ tí Tìmì á fi sùn kò tíì dé rárá, èmi ti dùbúlẹ̀, mo ti di ojú. Ẹni tó ń ṣe Gbọ̀nkáà (ó wà lára ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó mọ ara rẹ̀) kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó fo gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ, ó bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ rẹ̀ lé mi lórí bí ẹni pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Èrò pàtẹ́wọ́. Títí di òní, àwọn òbí kan ṣì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ oorun sùn lórí ìtàgé bí èmi.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ohun kan tó yé mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nígbà tí a ń ka Ọba Kò So ní kíláàsì, mo rò pé ọkùnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì, tó kọ ọ́ tán, tó wá lọ wá àwọn tó máa bá a ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dúró Ládípọ̀ àti ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ni wọ́n jọ dàgbà. Òun ló dá wọn sílẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò, orúkọ rẹ̀ kò ní kúrò ní Òṣogbo.

ỌMỌ ONÍWÀÁSÙ

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríkẹ́. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí léèrè irú ọmọ tí Yorùbá ń sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí òbí ń bẹ̀ pé kó má padà sẹ́yìn ni, nítorí àwọn kan ti wá ṣáájú, wọn kò sì dúró. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oníwàásù nínú ìjọ Áńgílíkà. Ilé orin àti àdúrà ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe, ó tilẹ̀ ṣe é dé Kàdúná, kó tó padà wá sílé láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Òṣogbo. Bí ẹ bá wò ó nígbà náà, ẹ ó sọ pé ọ̀nà bàbá rẹ̀ ló ń tọ̀: olùkọ́, olórin, ọmọ ìjọ.

Eré orí ìtàgé náà kò ṣàjèjì. Láti 1944 ni Hubert Ògúndé ti ń gbé eré jáde ní Èkó, orin ṣọ́ọ̀ṣì ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní Òṣogbo gan-an, Kọ́lá Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀, Oyin Adéjọbí wà níbẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo, ọ̀gá eré mẹ́ta! Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀, ó ní láti mú nǹkan tirẹ̀ wá.

Ohun tí Dúró mú wá ni ìlù. Ní ọdún 1961, ó kọ orin Àjíǹde kan fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì jẹ́ kí wọ́n lu ìlù ilẹ̀ wa sí i. Ohun tí a ó máa jó sí lónìí láìronú rárá ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún di àríyànjiyàn. Lójú àwọn àgbà ìjọ, ìlù òrìṣà ni, ibi tí wọ́n ti fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gba Jésù ni kí ó wà. Ẹ má jẹ́ ká fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn òbí wọn ló fi ìlù sílẹ̀, ìfisílẹ̀ yẹn sì ná wọn ní nǹkan. Wọn ò lè ṣàdédé wá máa wo ìlù kan náà bó ṣe ń wọlé padà lọ́wọ́ ọmọ oníwàásù.

Ó di dandan kí Dúró yan ọ̀kan: kó gbé ìlù jù sílẹ̀ kó lè jókòó pẹ̀lú ìjọ, tàbí kó gbé ìlù jáde. Ó gbé ìlù jáde. Ní ọdún 1961 yẹn náà, ó gbé orin rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Mbari tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká àti Chinua Achebe ti ń pàdé. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un níhìn-ín. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń bá ọmọ yìí jà nítorí ìlù ní Òṣogbo, ọba kan wà lórí ìtẹ́ ní Ẹdẹ tó ń lu dùndún fúnra rẹ̀. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ni, tó jọba láti 1946 títí di 1975. Ọba tó kàwé, tó sì ń gbé ìlù kọ́ apá! Kò sẹ́ni tó lè sọ fún irú ọba bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ aláìmọ̀wé ni ìlù. Ẹdẹ yìí náà ni Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì tó ń kọ́ni lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ti gbé kó tó lọ sí Ìlobùú àti Òṣogbo. Òyìnbó yẹn ló wá di ọ̀rẹ́ Dúró.

BÍ MO BÁ RÍ, MÀ Á YỌ̀

Dúró ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Ní ọdún 1962, òun àti Ulli Beier sọ ibẹ̀ di ilé iṣẹ́ ọnà. Mbari ni wọ́n fẹ́ máa pè é bíi ti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ Ìgbò sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ará Òṣogbo. Etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n ní bí àwọn bá rí i, àwọn á yọ̀. Bó ṣe di Mbari Mbayọ̀ nìyẹn. Àgbàlá ilé lásán ni o. Ọmọdé ń yọjú, obìnrin tó ti ọjà bọ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀ kó lè wòran.

Àgbàlá yìí ni ẹgbẹ́ náà ti di ẹgbẹ́. Eré ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni Ọba Mọ́rọ̀, ní 1962. Ìtàn Aláàfin Abípa ni, ọba tó fẹ́ kó ìlú padà láti Ìgbòho sí Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ wá kó àwọn èèyàn lọ ṣe bí iwin síbẹ̀ kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba ní kí wọ́n mú àwọn iwin náà, wọ́n sì mú wọn. Lérè Páímọ́, tó ti wà lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí tẹ́lẹ̀, ló ṣe Baṣọ̀run nínú rẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ náà? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Kì í ṣe àwọn tó kọ́ eré ní yunifásítì. Ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ wà níbẹ̀, ọmọ onílù wà níbẹ̀, ẹni tó kàn mọ ijó jó wà níbẹ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń tan iná orí ìtàgé. Múráínà Oyèlámì ará Ìràgbìjí ń ṣeré, ó ń lu ìlù. Rufus Ògúndélé wà níbẹ̀, Jacob Afọlábí náà, àti Adémọ́lá Oníbọnòkúta. Ijó ni Twins Seven-Seven bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí Georgina Beier bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní àwòrán yíyà ní Mbari Mbayọ̀ ní 1964, nínú àwọn òṣèré wọ̀nyí náà ló ti rí ọmọ iṣẹ́. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń tan iná, ẹni tó ń lu ìlù, ẹni tó ń jó, gbogbo wọn di ayàwòrán tí àwọn ilé ìṣàfihàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá iṣẹ́ wọn. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti jáde, àgbàlá ilé ọtí kan.

ÌTÀN TÌMÌ ÀTI GBỌ̀NKÁÀ

Ọba Kò So dé ní 1963. Ìtàn náà kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú Ìwé Kíkà Ẹkẹrin tí A. L. Hethersett ṣe, èyí tí àwọn bàbá wa kà ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìtàn inú ìwé kì í ní ìró. Dúró wá bàtá sí i, nítorí ìlù Ṣàngó ni. Ó fi oríkì, ọfọ̀ àti ìjálá sí i. Ohun tí ìjọ ní kó má mú wọlé, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí ìtàgé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́, ó ní jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà. Agbára àwọn méjèèjì pọ̀ débi pé ìlú kò rójú. Àwọn ìjòyè ní kí ọba wá nǹkan ṣe sí i. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kó lọ máa ṣọ́ ẹnu ibodè, ó rò pé ó máa ṣègbé níbẹ̀. Kàkà kí Tìmì ṣègbé, ó jọba. Òun náà ni Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà iná tí àwa ará agbègbè Ẹdẹ ń fi yangàn. Ọba tún rán Gbọ̀nkáà kó lọ mú un wá. Gbọ̀nkáà fi ọfọ̀ kùn ún lóorun (ẹ má rẹ́rìn-ín), ó mú un dé Ọ̀yọ́. Ọba ní kí wọ́n tún jà. Gbọ̀nkáà bẹ́ orí Tìmì, ó sì kọjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ìbínú mú Ṣàngó, ó dojú ìjà kọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ìlú kọ̀ ọ́, Ọya ìyàwó rẹ̀ náà fi í sílẹ̀. Ó lọ. Àwọn ọ̀tá ní ó pokùn so, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọba kò so.

Dúró fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó. Ó dirun, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní ilé àwọn òbí wa, bí wọ́n bá dárúkọ Ṣàngó, ojú Dúró Ládípọ̀ ni wọ́n ń rí.

Mo ti ro eré yìí lọ, mo rò ó bọ̀. Ìtàn olórí tí ẹ̀rù àwọn alágbára rẹ̀ bà ni. Ṣàngó kò mọ ohun tó yẹ kó fi akọni méjì ṣe ju kó fi wọ́n kọlu ara wọn lọ. Olórí ẹgbẹ́ eré náà ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Bí òṣèré rẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, èrò kò ní wá. Bí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù, á fẹ́ lọ dá dúró. Mi ò sọ pé wọn kì í jà lọ́dọ̀ Dúró o. Ibi tí èèyàn bá ti ń pín owó tíkẹ́ẹ̀tì, ariwo kò ní ṣàìsí. Ṣùgbọ́n ẹ wo èso igi kí ẹ fi mọ igi. Lérè Páímọ́ kúrò níbẹ̀, ó di ọ̀gá ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ayàwòrán di olókìkí. Kò sí èyí tó ní láti kú kí Dúró tó lè jẹ́ ọba. Lójú tèmi, ohun tí Ṣàngó kò lè ṣe ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, ẹni tó ń ṣe Ṣàngó sì ṣe é.

WỌ́N KÒ YÍ ÈDÈ WỌN PADÀ

Ní 1964, ẹgbẹ́ kékeré yìí gbé Ọba Kò So lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ní Berlin. Ní 1965, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ní 1975, wọ́n dé Amẹ́ríkà. Kò síbi tí wọ́n dé tí wọn kò sọ Yorùbá. Àwọn tó ń wòran kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ bàtá, wọ́n sì rí iná. Ẹ̀yin tí wọ́n ti nà rí torí pé ẹ sọ èdè abínibí ní kíláàsì, ẹ ro ìyẹn wò.

Nílé ńkọ́? Nílé, lọ́rì ni, gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni, owó ẹnu ọ̀nà ni. Ẹgbẹ́ aládàáni ni, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń retí ìparí oṣù. Ìlú tí èrò bá ti wá, wọ́n jẹun. Ìlú tí òjò bá ti rọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á forí tì í. Síbẹ̀ eré ń jáde. Ọba Wàjà dé ní 1964, ìtàn Olókùn Ẹṣin ní Ọ̀yọ́ tí òyìnbó kò jẹ́ kó bá ọba rẹ̀ lọ. Ìtàn yẹn náà ni Wọlé Ṣóyínká gbé eré Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dá náà jáde, èyí tí ikú ti wá pe ọlọ́rọ̀, tí ọ̀rẹ́ àti owó kọ̀ láti bá a rìn. Mọ́rèmi jáde. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé ọwọ́ aráàlú, wọ́n ṣe Bódé Wàásinmi fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn.

Ní ọdún 1972, Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ Ọba Kò So jáde ní ìwé, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. R. Curt Wittig ti gba ohùn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ sínú téèpù. R. G. Armstrong, Robert Awujọọlá àti Val Ọláyẹmí wá jókòó ti téèpù náà, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń kọ. Ó yé yín báyìí? Ẹnu àwọn òṣèré ni wọ́n ti da ìwé kọ. Bí ẹnì kan bá ki oríkì dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn wọn, oríkì rẹ̀ ló di ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ẹgbẹ́ ló ni eré. Dúró ló gbìn ín, òun ló ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n inú àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń gbé.

ỌYA KÒ LỌ

Láàárín àwọn ènìyàn náà, ẹnì kan wà tí mi ò tíì dárúkọ. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ló ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So. Òun náà ló ṣe Mọ́rèmi, débi pé orúkọ yẹn mọ́ ọn lára. Ní alaalẹ́, lórí ìtàgé, obìnrin yìí ní láti kọ ẹ̀yìn sí Ṣàngó kó sì máa lọ, kí ọba lè ku òun nìkan.

Ní 1977, Dúró kópa nínú FESTAC, àjọ̀dún ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣe ní Èkó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1978, ó kú. Kò dàgbà dàrúgbó. Ọdún mẹ́tàdínlógún péré ló fi darí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀gá eré bá kú nílẹ̀ wa. Àwọn òṣèré á tú ká, ìlù á wà ní kọ̀rọ̀, eku á máa jẹ awọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Abíọ́dún kò lọ. Ọya orí ìtàgé fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, Ọya inú ilé dúró. Ó gba ẹgbẹ́ náà, ó ń darí rẹ̀, ó sì ń gbé Ọba Kò So jáde lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò bá Dúró láyé wá ń kọ́ ipò Ṣàngó. Èyí tí wọ́n ń pè ní kò so náà nìyẹn.

Ìlù ọ̀hún ńkọ́? Ẹ lọ sí ìdúpẹ́ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá lónìí, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ ò gbọ́ dùndún. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó ní kó gbé e jáde ni wọ́n ń jó sí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti fẹ́ fi yín sílẹ̀. Ulli Beier kú ní 2011. Twins Seven-Seven kú ní ọdún yẹn kan náà. Ẹni tó mọ bí eré náà ṣe rí ní àgbàlá Mbari Mbayọ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Orin tí a fi ń pe ara wa lórí pápá, àpèjá tí a fún ara wa, eré tí a ṣe ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí nínú ìwé kankan. Orí yín ló wà. Bí a bá tún pàdé, kí ẹni tó ní téèpù tàbí àwòrán mú un wá, kí ẹni tó rántí orin kọ ọ́ kí a gbà á sílẹ̀, bí Curt Wittig ti ṣe.

Àti ìwọ Gbọ̀nkáà mi. Láti ọjọ́ náà, n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí. O lè jẹ́ kí ojú tì mí níwájú gbogbo òbí, ṣùgbọ́n o bò mí. Àwọn òbí Dúró bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ó dúró níwọ̀n tó lè ṣe é. Èyí tó kù, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló bá a dúró. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwa náà rí ẹni bá wa dúró. Ó di ìpàdé wa tó ń bọ̀.